Máàkì Tí Mo Fún Ọ Nínú Fọ́ọ̀mù Ìjọba

Ilé Tíṣà Ládélé,
Ìwárọ̀-Ọ̀kà, Àkókó.

Ìbíyínká ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Àbújá, ṣé ara le, ṣé ò ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sọnù sáàárín àwọn tó ń sáré láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì. A kò tíì rí iná láti ọjọ́ Ajé, a rò pé òun náà ti wá kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ yín.

Ètò tí ìjọba fẹ́ fi sọ ẹ̀yin tó ti gba dìgírì di onímọ̀ ẹ̀rọ yìí, orúkọ rẹ̀ gùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sinmi kí n tó kà á tán. Ìwọ tó fi ọdún márùn-ún kọ́ nípa kòkòrò oko, oṣù mẹ́ta péré ni wọn yóò fi sọ ọ́ di ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Èmi fi ọdún mẹ́ta kọ́ bí a ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Ó hàn pé orí wa kò pé nígbà náà.

Wọ́n ní olùkọ́ tó kọ́ ọ rí ni kó jẹ́rìí rẹ, o sì ní bí fọ́ọ̀mù náà kò bá wọlé kí Jímọ̀ tó tán, àyè rẹ lọ nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Práímárì Fáìfù, ni mo bá wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Nafisah tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́, ẹni tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì mi. Kí ẹ̀rọ náà tó gbà wá, ó ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Mo ní kí Nafisah sọ fún un pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, orúnkún ń dùn mí. Kò gbọ́. Ó kó àwòrán iná tó ń darí mọ́tò kalẹ̀ pé kí n ṣà wọ́n. Mo ṣàlàyé pé a kò ní irú rẹ̀ ní Ọ̀kà, kó fi àpáta dán mi wò.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n fún ọ ní máàkì lórí nǹkan mẹ́ta, mẹ́wàá mẹ́wàá. O mọ̀ mí. Nínú ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo fi kọ́ni, Ọlọ́run nìkan ló ń gba mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Lórí òótọ́, mo fún ọ ní mẹ́fà, nítorí ẹran inú ọbẹ̀ tí o ní ológbò ló jẹ, nígbà tí a kò ní ológbò. Lórí títètè dé ibi iṣẹ́, márùn-ún, o sì mọ̀ pé àánú ni. Lórí ìfaradà, méje.

Nafisah gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní Tíṣà, ẹni tí kò bá pé mọ́kànlélógún, ẹ̀rọ yóò yọ ọ́ dànù, gbogbo ayé ló sì ń kọ mẹ́wàá síbẹ̀. Mo ní ìdí nìyẹn tí ìlú fi tòrò báyìí. Ó ní ẹ fún èmi ní mẹ́rin nínú ìṣirò, èmi náà ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún Ìbíyínká.

Mo jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rántí ọdún mẹ́rin tí o ti fi ń kọ̀wé wáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, tí o sì ń pè wá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi pé kò sí wàhálà, èyí tó yẹ kí n tún fi yọ máàkì lórí òótọ́. Mo padà wọlé. Òótọ́ kò yí, títètè dé kò yí. Mo ní kó kọ mẹ́wàá sí ìfaradà, kó sì tẹ̀ ẹ́ kíákíá kí n tó yí ọkàn padà.

Àná ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dé pé wọ́n ti mú ọ. A yọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́kànlélógún géérégé lo gbà, ẹnu ọ̀nà lo wà, má fi fọ́nnu. Bí wọ́n bá fún yín lówó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Nafisah, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Fi owó ẹran ìjọ́sí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kí n wò ó bóyá òótọ́ rẹ lè di méje. Kí o sì máa tètè jí.

Ọlọ́run tí mo mú mẹ́wàá rẹ̀ fún ọ kò ní gbà á padà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tíṣà Ládélé.