Alángbá Onírùngbọ̀n Tó Gùn Ju Apá Ẹ̀wù Bàbá Yín Lọ

Sí Akọ̀wé mi, ọmọ ọkọ mi tí mi ò tíì fojú rí,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín, ẹ má wò ó pé inú ìwé ni. Ara bàbá yín le, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, a ò sì ní gbọ́ ìró yín ní burúkú láé. Bàbá yín ní èmi ni ìyá, kí n yéé fi “ẹ̀yin” bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti wà nínú ilé kí n tó dé, ẹnu mi kò tíì gbà á. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, ẹ bá mi nà án.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ rán sórí fóònù ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ ní kí a yẹ alángbá onírùngbọ̀n tí ẹ fi sílẹ̀ ní páálọ̀ wò, kí a mọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, torí ó ti tóbi ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti pé ọkùnrin kan tó ń sin irú wọn máa wá gbé e bó bá jẹ́ ẹ̀yà òmìrán. Bàbá yín kà á tán, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ó ní èmi àti alángbá la kúkú jọ ń ṣọ̀rẹ́. Kò purọ́, Akọ̀wé mi.

Ọjọ́ tí mo wọlé yìí bí ìyàwó, tí èrò ti tú ká, mo jókòó sí páálọ̀, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí i nínú àpótí gíláàsì, ó ń wò mí bí àgbà tó ń wádìí ìyàwó. Irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ṣàdédé dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì tún padà sí àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó jù ú jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kíni. Mo kúnlẹ̀, mo dáhùn. Láti ọjọ́ náà, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Mi ò jẹ́ pe orúkọ tí ẹ sọ ọ́, torí ó ṣáájú mi délé. Baba Onírùngbọ̀n ni mo ń pè é.

Dókítà ẹranko tí ẹ fún ní nọ́ńbà wa ní òun máa wá wò ó lórí fóònù. Mo gbálẹ̀, mo nu àga, mo bu omi tútù kalẹ̀. Nígbà tó dé, orí rẹ̀ nìkan ló dé. Mo gbé fóònù lé àga kó lè fẹ̀yìn tì, mo sì sún ife mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mu. Onídìrí tó ń gbé yàrá kejì yọjú, ó bi mí pé ihò wo lára fóònù ni dókítà máa gbà mu omi. Mo ní àlejò ni àlejò ń jẹ́.

Dókítà ní kí n fi téèpù ìránṣọ mi wọ̀n ọ́n láti imú dé ṣóńṣó ìrù. Ó gùn ju apá ẹ̀wù bàbá yín tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lọ, bẹ́ẹ̀ bàbá yín kì í ṣe èèyàn kúkurú. Dókítà ní kí n tún un wọ̀n. Ó ní kí n fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń yọ̀ bí awọ bàtà, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ẹ̀gún wà. Ó ní kí n gbé èékánná rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kí n má fo ọ̀kan, torí bí ọ̀kan péré bá ní ilà dúdú, kì í ṣe ẹ̀yà tí òun rò nìyẹn. Akọ̀wé mi, mo gbàdúrà kí n rí ilà dúdú, kí ọkùnrin yẹn má bàa wá. Mi ò rí i. Gbogbo wọn mọ́ gaara bí egungun ẹja wẹ́wẹ́, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí, torí nǹkan yín ni. Dókítà tún fi àmì kékeré kan hàn mí ní àtàrí rẹ̀, ó ní ojú kẹta nìyẹn, òjìji tó bá gba òkè kọjá ni ó fi ń mọ̀. Mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń gbé oúnjẹ fún un láti òkè, àtàrí rẹ̀ ti ń mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ọlọ́run mọṣẹ́.

Dókítà wá ní ẹ̀yà ẹlẹ́yìn-awọ ni, tí àwọ̀ dúdú kò pọ̀ lára rẹ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ti òmìrán, ó ní ojú lásán kì í mọ̀ ọ́n, ìran ni, àfi kí a mọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó bi mí bóyá a mọ̀ wọ́n. Mo ní mi ò mọ ẹni tó yé ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá ni wọ́n ń wá, kí ó fi orúkọ mi sí i. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ọwọ́ yín ló kù sí. Ó lọ tán, àwòrán rẹ̀ ṣì wà lójú fóònù, mo fi ìborùn bò ó kí n tó pààrọ̀ aṣọ.

Bí ẹ bá ní kí Baba Onírùngbọ̀n máa lọ, mi ò ní jiyàn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má rán àjèjì, ẹ wá gbé e fúnra yín. Mo ti rán aṣọ fèrèsé tuntun sí yàrá yín, mi ò sì yí nǹkan yín kankan nípò.

Gílóòbù tó ń mú ooru fún un ti ń ṣẹ́jú, ẹ fún wa ní owó díẹ̀. Ẹ má fi sí báńkì o, torí lọ́jọ́sí tí ẹ̀rọ ara ògiri fún mi lówó, mo dúpẹ́, mo dúró kó dáhùn, àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn. Ẹ fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Yóò dùn mọ́ mi bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹni náà.

Ọ̀nà yín á là. Ẹni tí kò tíì rí yín á ti fẹ́ràn yín, bí èmi ti ṣe.

Èmi ni, ìyàwó bàbá yín, títí ẹ ó fi rí ohun tó wù yín láti máa pè mí.