Wọ́n Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọmọ Yín, Bàbá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, èmi àti Màmá wá síbi sàréè yín. A ṣàdúà, a tu koríko. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí mi ò lè sọ níṣojú Màmá, torí òun náà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní yunifásítì. Kì í ṣe èmi nìkan. Àwa olùkọ́ tí wọ́n dá dúró pọ̀. Wọ́n ní owó ò wọlé mọ́, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ewéko ò tó nǹkan, kí a máa lọ sílé. Mi ò jalè, mi ò pa kíláàsì jẹ rí. Síbẹ̀, ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Ẹ má bínú, Bàbá, ọwọ́ yín wà níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ẹ ń lọ síléeṣẹ́ ọṣẹ ní Agbára, ìròyìn mi lẹ máa ń sọ nínú ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ bá ń ṣàlàyé pé dókítà ìwé ni mí, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Gbogbo àdúgbò wa ní Sango ló bá yín pè mí bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn?

Mi ò kọ́kọ́ sọ fún Màmá pàápàá. Láràárọ̀ mo wọṣọ iṣẹ́, mo gbé báàgì, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀tà. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan ni mo ń jókòó sí títí a ó fi kírun Àsárì, kí n tó padà sílé. Màmá á ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní, "Kú iṣẹ́ o, Dókítà." Mo jẹ oúnjẹ yẹn, Bàbá. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i.

Fọlákẹ́ ló pè mí. Òun ni a jọ ń lo ọ́fíìsì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka mìíràn ló wà, wọ́n sì dá òun náà dúró. Àwọn olùkọ́ fẹ́ lọ dúró níwájú géètì yunifásítì, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé wọn ò gbà. Mo ní mi ò lọ. Gbogbo ọkọ̀ tó ń ná Ìdí-Ìrókò ló ń gba iwájú géètì yẹn kọjá. Ẹni tó mọ̀ mí á rí mi.

"Ojú tó yẹ kó máa tì wọ́n ló ń tì ẹ́ yìí," ni Fọlákẹ́ wí. "Ṣé ìwọ lo lé ara ẹ ni?"

Mo lọ. Ṣùgbọ́n mo fi ìbòmú bojú, mo wọ jígí dúdú, mo dúró sẹ́yìn gbogbo wọn. Pátákó tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, mo fi bo ara mi. Àwọn sìkíọ́rítì tí a jọ máa ń kíra láràárọ̀ wà nínú géètì, wọn ò lè wò wá lójú.

Ni bọ́ọ̀sì kan bá dúró, Ìyá Rìsíkà, aládùúgbò wa, bọ́ sílẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Bóyá bàtà mi ló dá mọ̀.

"Dókítà, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyẹn? Kí lẹ ń ṣe nínú oòrùn?"

"Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó jáde lẹ́nu mi. Lójú ẹsẹ̀, Ìyá Rìsíkà pe Màmá lórí fóònù.

Ọ̀kadà ni Màmá gùn wá. Ó ra omi inú ọ̀rá, ó ń pín in fún àwọn olùkọ́, ó ń kí wọn kú ìrọ́jú. Èmi ló fún kẹ́yìn.

"Ṣé àlejò ni mo jẹ́ sí ẹ ni?" ló bi mí.

Ṣùgbọ́n kò lọ. Etí títì ló jókòó sí, nínú eruku, títí a fi tú ká.

Ohun tó ń tì mí lójú nísinsìnyí nìyẹn, Bàbá. Iṣẹ́ tó lọ kọ́. Obìnrin tó ta èédú kí n lè kàwé, mo fi í ṣe ẹni tí kò lè gbọ́ òótọ́. Ká ní ẹ wà láyé ni, ṣé ẹ̀yin náà ni mi ò bá fi pa mọ́ fún? Ṣé ẹ̀ bá bínú? Mo ti ro ó títí, mi ò mọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n pe àwọn aṣojú wa wọlé. Wọ́n gba àwọn kan padà, Fọlákẹ́ wà lára wọn. Èmi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti pa ẹ̀ka ewéko tiwa rẹ́. Iléèwé sẹ́kọ́ńdírì kan ní Ọ̀tà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n a ò tíì jáwọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a ṣì ń lọ dúró sí géètì. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n gbà padà pé kí wọ́n má sún mọ́ wa. Lọ́sẹ̀ yìí, Fọlákẹ́ jáde láti inú ọgbà, káàdì iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó wá dúró tì mí.

Ọjọ́ yẹn náà ni oníròyìn rédíò kan wá, tó ń wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Kálukú ń wo ojú ẹnì kejì. Mo bọ́ síwájú. Ó bi mí lórúkọ. Mo sọ tèmi, mo fi tiyín kún un, mo rọra pè é kó má baà ṣì í pè. Ojú ṣì ń tì mí.

Màmá gbọ́ ọ lórí rédíò nírọ̀lẹ́. Ó ní ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí Àlùjánnà, Bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ yín.