Màmá Adétutù Ikúbọlájẹ́, Ọ̀gá Tí Aboyún Kì Í Sá Fún

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí Màmá wa, Adétutù, lọ́dún 1953, ní agbo ilé Ayẹni. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ń ta aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa péjọ lónìí, ẹ má wulẹ̀ fajú ro. Ẹni tó lo ayé bí Màmá ṣe lò ó, ìdùnnú ló yẹ ká fi ròyìn wọn, a ó sì ròyìn wọn dáadáa!

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Lọ́dún 1976, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Olóògbé Olúrótìmí Ikúbọlájẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì jọ wá tẹ̀dó sí Òkè Àdó n'Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ gba Màmá síṣẹ́. Nígbà tí wọ́n lóyún àkọ́bí wọn, Ṣèyífúnmi, wọ́n ṣe bí àwọn ìyá wọn ṣe ń ṣe: wọn ò sọ fẹ́nikẹ́ni. Ta ní í pariwo oyún? Nígbà tí ikùn yọ, ọ̀gá ní wọ́n tan òun jẹ, ó sì lé wọn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n sunkún dé ilé.

Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe ẹni tí ẹkún ń dá dúró. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ilé ìwé. Iṣẹ́ náà gbèrú títí ó fi di ilé iṣẹ́ ńlá ní Challenge, tí àwọn obìnrin ń ti Agbówó àti Mọ́níyà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, Màmá le! Ẹni tó bá pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ tó máa gbọ́, kò ní fẹ́ tún un gbọ́ mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ sì wọni lọ́rùn. Nimotallahi, tó mọ aṣọ gé ju gbogbo wọn lọ, ṣubú lulẹ̀ nídìí tábìlì. Oyún oṣù méje ló wà lábẹ́ hìjáàbù ńlá rẹ̀, kò sì jókòó láti àárọ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rù bà wá gan-an, àmọ́ Ọlọ́run yọ tìyátọmọ. Ṣèyífúnmi, tó ń bójú tó iṣẹ́, ní ọmọbìnrin náà tan ilé iṣẹ́ jẹ, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kíá. Màmá kọjú sí i, wọ́n ní:

"Ṣèyí, oyún rẹ ni wọ́n torí ẹ̀ lé mi níṣẹ́. Ṣé èmi náà ti wá di ọ̀gá tí aboyún ń sá pamọ́ fún ni?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Màmá kéde pé oyún ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ yóò lọ sinmi, owó oṣù rẹ̀ ò ní dúró. Àga dé ìdí tábìlì ìgéṣọ. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́, Ìyá Àbẹ̀ḿbí, aládùúgbò wa, sì ń bá wọn tọ́jú wọn. Ilé ìwé kan bínú pé aṣọ òun pẹ́, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Màmá ní kó máa lọ.

Lọ́dún 2019, ìjọba pe àwọn agbanisíṣẹ́ sípàdé ní Sẹkitéríàtì. Màmá dìde, wọ́n ní òfin ìsinmi ìbímọ wà nínú ìwé lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké? Wọ́n ní kí ìjọba ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti sanwó ọlọ́mọ tuntun, kí wọ́n sì kọ́ ilé ìtọ́jú ọmọ sí ọjà Bódìjà. A ò tíì rí i, a ò sì ní dákẹ́.

Ìyá ìjọ ni Màmá ní Bódìjà, síbẹ̀ wọ́n máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí ṣínu lásìkò ààwẹ̀. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ lọ́dún 2025 yìí. Wọ́n fi ọmọ sáyé, Ṣèyífúnmi, Adékúnbi àti Ọmọ́fẹ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ, pẹ̀lú gbogbo ọmọ tó kọ́ ìrákòrò nínú yàrá wọn, títí kan Fáìzàh, ọmọ Nimotallahi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹbí fẹnu kò pé Nimotallahi ni yóò máa darí ilé iṣẹ́ náà, a sì pè é. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì dìde.

"Mo gbà á, ẹ ṣeun. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé oyún oṣù méjì wà nínú mi."

Àwọn ìyá àgbà káwọ́ lérí pé ẹnìkan kì í sọ bẹ́ẹ̀ síta, oṣù méjì péré! Nimotallahi rẹ́rìn-ín, ó ní ká tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Màmá tí à ń kà yìí. Ṣèyífúnmi ló kọ́kọ́ dìde gbé àga fún un.

Ẹ sùn ire o, Màmá, ọmọ Ayẹni. Kí Olúwa tẹ́ yín sáàyè ìsinmi, kó sì jẹ́ ká bímọ tó jọ yín.