Ẹ Da Ògùn Ojú Yẹn Nù

Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ara mi le koko. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́ torí fóònù mi ò ya àwòrán dáadáa mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ògùn ojú tí mo fi ránṣẹ́, tí mo ní tí ojú Bàbá bá ti mọ́ kí ẹ tọ́jú ìyókù, ẹ dà á nù. Ẹ má fún aládùúgbò kankan.

Níbi iṣẹ́ wa ní yàrá àyẹ̀wò, a máa ń gbin kòkòrò inú ipin sínú abọ́, a ó wá to oríṣiríṣi ògùn lé e. Ògùn tí apá rẹ̀ bá ká wọn, wọn ò ní lè hù sítòsí rẹ̀. Lánàá, ọ̀gá mi gbé abọ́ kan sókè lójú gbogbo wa: kòkòrò ti hù bo ògùn tiwa yẹn, irú èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ni ojú yìí? Ó ti ń fi ògùn ṣeré tipẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti awò dúdú mi sókè kó lè bo ojú mi dáadáa, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ sọ fún Bàbá pé èmi, Dókítà Ojú tí wọ́n máa ń pè mí, kí wọn. Ẹ ó rí mi láìpẹ́. Ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀, fóònù yẹn.