Ojú Ìwé tí Louisa Àtọ́kẹ́ Kò Jẹ́ Kí A Ka Tán

Sí gbogbo ará Ilé Sàlámì, Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.
Oṣù Keje, 1913.

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n,

Ìbànújẹ́ ni ó kó Ẹgbẹ́ Olùgbọ́ Ìwé Ìgbàanì ti Ìjọ Àgùdà jọ láti kọ̀wé sí yín lórí Louisa Àtọ́kẹ́, aláró, ọmọ yín tí Ọlọ́run pè ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọgbẹ́ náà jinlẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ Louisa pẹ́ kí ara rẹ̀ má yá gágá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òun náà rí.

Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, Tísà Adéyẹ́misí a máa ka ojú ìwé kan fún wa ní èdè wa, nínú ohun tí àwọn bàbá Ìjọ ìgbàanì rò nípa àdúrà, Ìwé Mímọ́ àti àwọn Ẹni Mímọ́. Ojú ìwé kan péré ni, òfin ni. Louisa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ni í kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú aró lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ yóò gbọ́ gbogbo ojú ìwé náà kí ó tó gbọ́ iye tí aṣọ jẹ́.

Ẹgbẹ́ kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ iṣu. Ní ọdún kejì tí a dá Ẹgbẹ́ sílẹ̀, Tísà kà á pé àwọn Ẹni Mímọ́ ń bá wa bẹ̀bẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà yé wa bí ọmọ Ìbàdàn: ẹni tó bá fẹ́ rí Baálẹ̀, babakékeré rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ bá, kò sì ní ṣánwọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iṣu àti àkùkọ kún ẹsẹ̀ ère Pétérù Mímọ́. Inú bí Tísà. Ó pa ìwé dé, ó ní kíkà ti parí. Àwọn kan ti dìde láti lọ pátápátá nígbà tí Louisa, tí iṣu tirẹ̀ tóbi jù, sọ̀rọ̀.

“Ẹ má bínú sí wa, Tísà. Babakékeré tí a mọ̀, oúnjẹ ló ń jẹ. Àwọn tí ẹ kà fún wa yìí ti yó tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé iṣu náà fún ẹni tí ebi ṣì ń pa.”

A gbé e lọ fún àwọn afọ́jú tí ń jókòó lẹ́bàá Ọjà'ba. Kò pé oṣù kan tí Tísà fi dé ibi tí bàbá ìgbàanì kan ti sọ ohun tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Louisa gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tísà kà á. Louisa ní ó dá òun lójú pé bàbá náà ti gbé Ìbàdàn rí.

Nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀, ìwé tí à ń kà lórí àdúrà ku ojú ewé mọ́kànlá. Tísà sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé bí ó bá ti parí, òun kò tún ní kàwé mọ́. Ojú ti ń dùn ún. Louisa rán Bertha ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí Tísà wá ka ìyókù fún òun. Tísà ní òfin kò gbà á. Bertha dá a lóhùn pé ikú kò mọ òfin Ẹgbẹ́. Ni Tísà bá dé fìlà.

Ẹ̀rù ń bà á bí ó ti ń bọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni Alàgbà Sàláúdéènì, ẹ̀gbọ́n Louisa, ti sọ pé Àgùdà kan kò ní ṣí ìwé nínú ilé yín. Ibi tí Alàgbà ti ń ṣe àlùwàlá ni Tísà bá wọn. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn tán.

“Ẹ wọlé. Láti àárọ̀ ló ti ń retí yín.”

Àwọn fúnra wọn ló tẹ́ ẹní. Tísà ka ojú ewé mẹ́wàá, Louisa sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbéra sókè, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ìṣẹ́gun ogun fún. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé.

“Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Èyí tó kù, ti gbogbo yín ni. Bí ẹ bá kà á tán fún mi níbí, ẹ ò ní padà lọ bá àwọn ará Ẹgbẹ́ mọ́.”

Ọjọ́ kejì ló dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ilé kún dé ẹnu ọ̀nà. Tísà ka ojú ewé náà dé ìlà ìkẹyìn, ó sì pa ìwé dé bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé Alàgbà Sàláúdéènì jókòó sí.

“Tísà, èwo ló kàn?”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Tísà ra dígí ojú.

Ẹ̀yin ará wa, ilé yín ti di ilé Ẹgbẹ́. Nínú àìní, nínú àìsàn, ẹ ránṣẹ́ sí wa. A kò ní pẹ́ dé. Kí Ọlọ́run tó ni Louisa fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé yín. Kí ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì di ẹ̀yin tó kù mú ṣinṣin. Àmín.

Ọládipọ̀,
Akọ̀wé, fún gbogbo Ẹgbẹ́.