Èbúté Àpápá Lórí Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Àìkú, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1989

Àjàmú mi, ó di ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta tí ẹ ti fi mí sílẹ̀.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí ìwé yìí. Ojú ewé kan péré lẹ kọ nǹkan sí: iye ẹsẹ̀ láti ilé ẹrù kẹta dé etí omi, àti "ra gọ́ọ̀mù." Mo ti ra gọ́ọ̀mù. Akpevwe aládùúgbò wa ló bá mi rà á, torí èmi kò gbọdọ̀ jáde. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alífáà sọ ọ́ fún mi, bí ẹni pé mo ti di ẹrù mi.

Ohun tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín yàrá: ilẹ̀kùn àlòkù kan lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Irin tó yí po lórí rẹ̀. Ilé ẹrù kan, páálí sadín. Rélùwéè ìṣeré pupa tí atukọ̀ òyìnbó yẹn fún yín nígbà tí ẹ bá a rí àpò rẹ̀ tó sọnù. Ẹ ní ẹ máa kọ́ gbogbo èbúté Àpápá sórí ilẹ̀kùn yìí kí n lè mọ ibi tí ẹ ń lọ láràárọ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi yí irin fún rélùwéè níbẹ̀, tí ẹ ń fi àsíá júwe ọ̀nà, ẹ̀yin pẹ̀lú fìlà pupa yín. N kò dé ẹnu géètì rí. Ẹ ní kì í ṣe ibi obìnrin.

Èmi ni màá parí rẹ̀. Kí opó tó tán, rélùwéè yẹn gbọ́dọ̀ rìn.

Ìṣòro kan ló wà. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń yí kó tó lè rìn, àárín ìdì kọ́kọ́rọ́ yín ló wà. Mansur àbúrò yín sì ti kó gbogbo ìdì náà lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n sin yín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo kọ lẹ́tà sí Bọ̀dá Kékeré. (Mo ṣì ń pe Mansur bẹ́ẹ̀. Mo fi ọdún méje jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé yín, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni.) Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi èyí tó kéré jù lára kọ́kọ́rọ́ yẹn rán awakọ̀ sí mi. N kò sọ ohun tó ń ṣí. Ojú tì mí. Opó wo ló ń béèrè ohun ìṣeré?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Sílípáàsì yín ti ẹsẹ̀ òsì ti di ọkọ̀ òkun. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ imú rẹ̀, mo fi ìdérí ìgò ṣe ihò èéfín. Ọ̀rá búlúù ni omi. Ó rẹwà, kí n má purọ́.

Akpevwe wọlé, ó yí ilẹ̀kùn náà ká. Ẹ mọ̀ ọ́n, yàrá kejì sí wa, tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu géètì èbúté.

Ó ní, "Sàlímọ́, ṣọ́ọ̀bù mi dà?"

Mo ní n kò tíì débẹ̀. Ó jáde, ó mú ọmọrí ìkòkò rẹ̀ wá, ó gbé e lé kọ́ọ̀kì ìgò mẹ́rin. "Òun nìyí." Ó bo ilé ẹrù. Ó bo ìdajì ọkọ̀ òkun.

Bàbá Tálì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ebikabowei ni orúkọ rẹ̀, ará Ijaw tó fi ọgbọ̀n ọdún ka àpò tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Kì í wọlé, torí opó ni mí; ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ní, "Akpevwe, ìwọ̀n dà? Ìsọ̀ ẹ̀wà máa tóbi ju ọkọ̀ òkun lọ?"

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́. Na ship people dey chop? Ta ló jẹ ọkọ̀ òkun yó rí?"

Bàbá Tálì ronú. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ sí ìgbìmọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá Tálì àti Akpevwe ni ìgbìmọ̀. Ọmọrí ìkòkò dúró.

Ọjọ́ Jímọ̀, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Èsì Mansur dé. "Ìyàwó wa, kí ni kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí tí ẹ kò lè dárúkọ rẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ kékeré kì í ṣí nǹkan kékeré." Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹ ra ilẹ̀ kan ní Èkó kí ẹ tó kú, pé àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló ń ṣí, pé òun máa wá àpótí náà rí. Tí opó bá tán, òun á wá kó mi lọ sí Ìsẹ́yìn, kí onílé gba yàrá rẹ̀. Kí n di máṣíìnì ìránṣọ mi dáadáa. "Pákó tí ẹ̀gbọ́n mi tò jọ yẹn, ẹ fi dáná."

Fi dáná, Àjàmú. Odidi Àpápá.

Ilẹ̀ wo? Ẹ̀yin tí ẹ kò ra bàtà.

Mo kọ èsì lójú ẹsẹ̀. Mo sọ òótọ́: rélùwéè ìṣeré ni.

Ọjọ́rú, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá Tálì ti di kíréènì.

Kò lè wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè dé èbúté láti ẹnu ọ̀nà. Ló bá so okùn mọ́ ọ̀pá gígùn, ó fi ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja sẹ́nu okùn. Mo ti fi àjákù bùbá yín rán ọgọ́ta àpò kéékèèké, mo rọ ìrẹsì sínú wọn. Ó ń fi ìwọ̀ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan látinú sílípáàsì, ó ń kó wọn sínú páálí ìṣáná tí mo so mọ́ rélùwéè. Ó ń kà. Òógùn ń bọ́. Ó di wákàtí méjì kó tó parí, gbogbo ilé sì ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, wọn kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọjá lọ sí balùwẹ̀.

Mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ó tún un kà. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ní ọkọ̀ òkun kankan kò ní kúrò níbẹ̀. A wá àpò náà títí, a rí i lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, eku ti já a, ó ti jẹ ìrẹsì inú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Bàbá Tálì ní kí n má ṣèyọnu. Inú rẹ̀ dùn gan-an. "Èbúté tí kò sí olè níbẹ̀, ta ló máa gbà pé Àpápá ni?"

Ọjọ́ Ajé, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́tà Mansur. Gbólóhùn kan péré ló wà nínú rẹ̀: "Ẹ má fi mí ṣeré."

Ọjọ́bọ̀, 5 Ọ̀kítóbà

Òjò àná. Omi gọ́tà wọlé, ó dé orókùn. Irin kò bàjẹ́, búlọ́ọ̀kù gbé ilẹ̀kùn náà sókè, etí rẹ̀ nìkan ni omi kàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun léfòó. Lóòótọ́ ni mò ń sọ. Ó yí imú padà bí ẹni tó ti ń retí omi látọjọ́ yìí, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sí kọ́rídọ̀.

Akpevwe ń ké, "Ọkọ̀ ti ń lọ o! Kò gbàwé!"

Èmi kò lè sá tẹ̀ lé e. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà nínú omi, mo ń pariwo, "Ẹ bá mi mú sílípáàsì Àjàmú!" Bàbá Tálì ká ṣòkòtò sókè, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, àgbà ẹni àádọ́rin ọdún, ó ń lé bàtà ní kọ́rídọ̀. Iwájú balùwẹ̀ ló ti fi ìwọ̀ mú un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo nù ún gbẹ. Mo gbé e sí àyà mi díẹ̀ kí n tó dá a padà sí etí omi. Ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Ọ̀kítóbà

Mo ṣe yín lónìí. Igi ìṣáná kan ni. Fìlà pupa yín ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo bi wọ́n: ibo ló máa ń dúró sí? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ wà nígbà tí mo bá jókòó nídìí máṣíìnì tí mo ń ronú kàn yín.

Bàbá Tálì ní oríta irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹrù kẹta. Akpevwe ní rárá o. "Aago mẹ́wàá lójoojúmọ́, orí bẹ́ǹṣì mi ni. Ẹ̀wà, búrẹ́dì, ata púpọ̀."

Mo ní, "Àfi Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ó máa ń gbààwẹ̀."

Akpevwe wo Bàbá Tálì. Bàbá Tálì gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó àjà.

Àjàmú! Ọdún mọ́kànlá! Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí mò ń jí ní ìdájí se sààrì fún yín! Ẹ ó jẹ sààrì, ẹ ó lọ jẹ ẹ̀wà, ẹ ó tún wálé wá ṣínu pẹ̀lú mi, ẹ ó máa fọwọ́ pa ikùn pé ebi pa yín.

Akpevwe ní, "Sàlímọ́, má bínú. Ó ní ìdájí yẹn nìkan lẹ̀yin méjèèjì máa ń rí ara yín láìsí ariwo. Kò fẹ́ kó o ṣíwọ́ sààrì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti inú oṣù keje. Lẹ́yìn náà mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yín mọ́ abẹ́ ọmọrí ìkòkò, níwájú ẹ̀wà. Ibẹ̀ lẹ máa wà. Gbogbo ayé ti rí yín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 Ọ̀kítóbà

Mansur ti dé Èkó. Ó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò. Ó dán an wò lára kọ́bọ́ọ̀dù yín níbi iṣẹ́. Ó dán an wò lára àpótí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Lónìí, Akpevwe rí i ní mọ́sálásí kan ní Olódì, ó ń kì í bọ àpótí sàárà, ni wọ́n bá gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú. Akpevwe ló bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é."

Bóyá òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Nòfẹ́ńbà

Ó wá. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dáhùn, kò wojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dán kọ́kọ́rọ́ wò lára àpótí aṣọ mi. Lára máṣíìnì. Lára aago ara ògiri. Lára agolo bisikíìtì tí kò ní ihò rárá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i pé ilẹ̀kùn tí èbúté wà lórí rẹ̀ ní ihò kọ́kọ́rọ́. Ó kì í bọ̀ ọ́.

Mo ní, "Bọ̀dá Kékeré, ilẹ̀kùn tó sùn sílẹ̀ ni. Kò lọ síbì kankan."

"Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin."

Ó wò mí báyìí. Mo na ọwọ́ sí rélùwéè pupa náà.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ti dán gbogbo Èkó wò. Ẹ dán èyí náà wò."

Ó wọlé rẹ́gí. Ó yí i. Ó tún yí i. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ó rìn, Àjàmú. Ó fa páálí ìṣáná mẹ́fà jáde nílé ẹrù pẹ̀lú àpò mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílípáàsì, ó gba abẹ́ ọmọrí ìkòkò, ó pòòyì ẹ̀ẹ̀mejì, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró síwájú yín. Bàbá Tálì ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Akpevwe di ẹnu mú.

Mansur yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yí i. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé kò sí ilẹ̀ kankan?"

"Kò sí."

"Kò sí àpótí?"

"Kò sí, ọkọ mi."

Ìgbà yẹn ló sunkún. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú yín, òun ló ń pàṣẹ fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tóun ṣì ń wá àpótí, ó ń ṣe òun bíi pé ẹ ṣì ní ọ̀rọ̀ kan láti bá òun sọ.

Mansur nu ojú, ó wo èbúté náà yíká. "Ìyàwó wa, èmi dà níbẹ̀?"

N kò ronú kàn án rí. Akpevwe ní, "Wọ ṣọ́ọ̀bù mi jàre, ààyè pọ̀." Mo mú igi ìṣáná kan, mo fi í tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n sún un mọ́ ẹ̀wà díẹ̀ sí i.

Kó tó lọ, ó fi okùn wọn ilẹ̀kùn èbúté, ó wọn ẹnu ọ̀nà yàrá. Kò lè gbà á. Tí a bá sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo Àpápá á dànù. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ò ní fi í sílẹ̀." Mo ní n kò ní fi í sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á bá onílé sọ̀rọ̀, kí n jókòó sí yàrá mi. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré náà kúrò nínú ìdì, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 16 Nòfẹ́ńbà

Ọjọ́ méjìdínláàádóje. Opó tán láàárọ̀ yìí. Mo wẹ̀, mo bọ́ aṣọ opó, Alífáà ṣàdúrà. Wọ́n ní ibo ni màá kọ́kọ́ lọ. Mo tẹ̀ lé Akpevwe.

A gba Olódì, a já sí Warehouse Road, ẹsẹ̀ ń dùn mí bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ohun tí mo rí já mi kulẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó yẹn, agboòrùn kan ni, ìkòkò kan, bẹ́ǹṣì kan. Ọkọ̀ òkun wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ilé alájà mẹ́fà.

Mo ní, "Akpevwe, ìwọ náà!"

Ó ní, "Jókòó ná."

Mo jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, níbi tí ìjókòó ti jẹ pákó, tó ti ń dán. Mo gbójú sókè. Etí agboòrùn wálẹ̀, ó bo ọkọ̀ òkun, ó bo ilé ẹrù, ó bo gbogbo kíréènì. Ìkòkò ẹ̀wà ló kù níwájú mi, àti irin rélùwéè tó gba abẹ́ agboòrùn kọjá.

Ọmọrí ìkòkò yẹn kò tóbi jù rárá. Ibi tí ẹ máa ń jókòó sí ni Akpevwe ti wọ̀n ọ́n.

Ó bu ẹ̀wà fún mi, ata púpọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni òní. Mo jẹ ẹ́ tán.

Mo padà sílé. Lẹ́yìn ìrun alásàrí mo kì kọ́kọ́rọ́ bọ rélùwéè, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó rìn, ó sì dúró síwájú yín. Bí màá ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, Àjàmú. Tó bá ti dúró, màá tún yí i.