Ọfà Ara Táyà Iwájú

Bàbá mi ti ọjọ́ Sátidé,

Mo kí yín o. Ilé wà, Màmá mi náà wà, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ní ìròyìn kan fún yín, bẹ́ẹ̀ inú sì ń bí mi sí yín díẹ̀, nítorí náà ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà.

Píkọ́ọ̀pù yín ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn, oní-fóò-wíìlì, tí ẹ fi ń lọ sí oko kòkó lọ́nà Igbára-Odò. Ìdí-igi ni àwọn àgbà ẹbí fi pín ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Ìdí Màmá mi jẹ́ ọ̀kan, ìdí Màmá Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ èkejì, wọ́n sì ní kí èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí kọ́kọ́ mú. Gbogbo wọn rò pé ilé tàbí oko ni màá mú. Mo ní ọkọ̀ ni. Àbúrò yín bi mí bóyá ara mi yá. Ọkọ̀ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọjọ́ pípẹ́, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, tí koríko ti gba abẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì yọ síta! Ara mi yá gan-an ni. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá mú un, Bọ̀sẹ̀ ọmọ Màmá Ìkẹ́rẹ́ máa mú un.

Ẹ mọ̀ mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ sínú. Owú ni mo fi mú ọkọ̀ yẹn.

Ìkẹ́rẹ́ ni ẹ̀yin, Màmá Ìkẹ́rẹ́ àti Bọ̀sẹ̀ ń gbé. Èmi àti Màmá mi wà ní Ìṣẹ́ níbí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà. Sátidé ni ẹ máa ń wá. Tí ẹ bá ti dé orígun ilé Pásítọ̀, ẹ ó tẹ hóònù lẹ́ẹ̀mejì, Màmá mi á sáré wé gèlè, èmi á sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ti ń jẹun tí ẹ sì ń sùn díẹ̀ lórí àga gbọọrọ, èmi ni mò ń fọ ọkọ̀. Igi ni mo fi ń ha ẹrẹ̀ oko kúrò lábẹ́ táyà. Mo ń nu iná, mo ń nu gíláàsì. Ní àárín gbùngbùn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ohun ribiti kan wà tó ṣeé yí, ó ní ọfà kékeré lójú, àmì pupa lápá kan, àmì funfun lápá kejì. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Pupa ló wù mí, torí náà mo máa ń yí ọfà méjèèjì sí pupa. Ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti ṣetán. Tí ẹ bá jáde, ẹ ó yí ọkọ̀ náà po, ẹ ó ní, “O kú uṣẹ́, ọmọ mi.” Ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó wọlé, ó di Sátidé mìíràn.

Ẹ ò gbé mi rí, Bàbá. Ẹ ò gbé mi dé ìdí ọjà lásán. Ẹ máa ń sọ pé òórùn kòkó ti gba inú rẹ̀, pé aṣọ mi á bàjẹ́. Ṣé òórùn kòkó kì í mú Bọ̀sẹ̀ ni? Ṣé aṣọ tiẹ̀ kì í bàjẹ́? Mo ti dàgbà, mo ti di tíṣà bíi Màmá mi, mo sì ń béèrè síbẹ̀.

Ọkọ̀ agbẹ́rù ló gbé e wá sí Ìṣẹ́ fún mi. Ìdòwú mẹkáníìkì ń wá sílé wá ṣe é, nítorí mi ò fẹ́ kí ó sun ibòmíràn. Ó ti sun ibòmíràn tó lójú mi. Ìdòwú sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ sínú ọgbà lórí tapólì, a bá ilé eku nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti jẹrà, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Èmi fúnra mi ni mo fi sáńpépà ha ara rẹ̀, tí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, títí awọ ọwọ́ mi fi ń ṣí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń pè mí ní Àǹtí Píkọ́ọ̀pù, wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Ìta ọkọ̀ yẹn ò ṣe mí ní nǹkan. Ibi tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ibi tí ọ̀dà ti wú lábẹ́ gíláàsì, ọwọ́ mi mọ gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ ló pa mí. Àlejò ni mí níbẹ̀. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ti jìn sísàlẹ̀ ní ojú méjì, ojú ńlá kan fún Màmá Ìkẹ́rẹ́, ojú kékeré kan lẹ́bàá fèrèsé. Ẹnì kan ti fi ìṣó kọ orúkọ Bọ̀sẹ̀ sára dáṣíbọ́ọ̀dù, kò tilẹ̀ kọ ọ́ gún. Lábẹ́ ìjókòó, mo bá ìyarun tí eyín rẹ̀ ti ká, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, àti èèpo ẹ̀pà. Èèpo ẹ̀pà, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún Màmá mi pé ẹ̀pà kì í bá yín lára mu. Ẹ jọ ń jẹ ẹ̀pà lójú ọ̀nà, ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì ń ju èèpo sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí èmi ń fọ̀.

Mo ní kí wọ́n tú ìjókòó yẹn dànù, kí wọ́n rán tuntun. Sáńpépà ni mo fi ha orúkọ yẹn kúrò. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ìdòwú parí iṣẹ́ ní Sátidé tó kọjá. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún Bọ̀sẹ̀. Mo ti fọ ọkọ̀ náà láàárọ̀, ó ń dán, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń wo ara mi nínú ọ̀dà tuntun, ni ọmọ yín sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

“Ẹ kú uṣẹ́ o, Àǹtí.”

Ó ti sanra díẹ̀. Imú yín ló wà lójú rẹ̀, ìyẹn náà ń bí mi nínú. Ó lọ tààrà sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ilẹ̀kùn tí èmi àti Ìdòwú ń fà títí a ó fi làágùn, Bọ̀sẹ̀ fi orúnkún gbé e sókè díẹ̀, ó fà á, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni fi ata sí mi lójú. Ó wo inú ọkọ̀, ó fọwọ́ pa ibi tí orúkọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

“Síìtì àtijọ́ ńkọ́, Àǹtí?”

Mo nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Adìyẹ ti jókòó lé e. Ó lọ síbẹ̀, ó lé adìyẹ, ó gbọn ìyẹ́ kúrò, ó gbé e wá síwájú ilé. Kò bá mi jà. Ìbá ṣe pé ó bá mi jà, ọkàn mi ìbá fúyẹ́.

Ìdòwú ṣíná sí ọkọ̀, ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó sì mú. Ìdòwú tẹ hóònù lẹ́ẹ̀mejì láti dán an wò. Bàbá, Màmá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn wọ́n yẹn, gèlè wà lórí wọn. Wọ́n wò wá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n padà wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún yín bí ó ti rí.

Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú táyà.

“Ta ló yí èyí sí pupa?”

Mo ní èmi ni, pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe é láti kékeré. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àǹkárá rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo rí i pé omi wà lójú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ohun tó ń mú kí táyà iwájú bá tẹ̀yìn ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ ni. Pupa wà fún ẹrẹ̀ oko, funfun wà fún títì ọ̀dà. Òun ni ẹ máa ń ní kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ yí i tí ẹ bá dé ojú ọ̀nà oko.

“Gbogbo Sátidé ni ọkọ̀ yìí máa ń wúwo dé ulé,” ó ní. “Ó ń hó, ó ń mu epo bí omi. Màmá mi á ní kí Bàbá yí i padà, wọn ò ní gbà. Wọ́n á dúró síwájú táyà, wọ́n á máa dá rẹ́rìn-ín. Pupa yẹn la fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n ń yí i, wọ́n ń yí i fúnra wọn.”

Ó ní òun yí i padà sí funfun lọ́jọ́ Àìkú kan, torí òun mọ̀ ọ́n yí, òun sì fẹ́ kí ẹ yìn òun. Ẹ gbá a lọ́wọ́. Láyé yín, ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ nà án nìyẹn.

“Wọ́n ní, ‘Fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi síbẹ̀.’ Mo ti kórìíra ọwọ́ yín, Àǹtí, kí n tó rí ojú yín.”

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Inú mi dùn. Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí, ó sì ṣe mí nígbà tó yá, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ dé ni ayọ̀, pé Bọ̀sẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó ń bá yín jẹ ẹ̀pà, ń jowú mi. Mo fẹ́ kí ó tún un sọ. Mo ní kí ó tún un sọ, ó sì tún un sọ.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Táyà ni ẹ ń rẹ́rìn-ín sí, èmi wà ní Ìṣẹ́ tí mò ń ka ọjọ́ dé Sátidé. Àbí ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá sọ, màá yí i sí funfun? Kí ló dé tí ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ sílé, tí ẹ sì fi èmi sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì? Bọ̀sẹ̀ ò mọ̀. Mo bi í.

Ó bẹ̀ mí kí a gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìkẹ́rẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Mi ò fẹ́. Mo wá gbà, torí ó ti kọ́kọ́ bu omi, ó ń fọ eruku tí aṣọ rẹ̀ kó bá ilẹ̀kùn mi. Kò mọ ọkọ̀ fọ̀ o. Mo gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún táyà méjèèjì fọ̀.

Òun ló wà á, torí jíà yín le jù fún mi. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìjókòó tuntun yẹn le, kò tíì mọ ìdí ẹnikẹ́ni. Ìjókòó àtijọ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń mì. Ní ìdí ọjà, Bọ̀sẹ̀ dúró ra ẹ̀pà, a jẹ ẹ́, ó sì da èèpo sílẹ̀ ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ó ń yí jíà bí ẹ ṣe máa ń yí i, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, owú sì ń jẹ mí títí a fi ń rí òkè Ìkẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ náà ń hó, ó wúwo bí ẹni ru òkúta. Ọfà méjèèjì ṣì wà ní pupa. Òun mọ̀, èmi náà mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú wa.

Èmi ni,
ọmọ yín ní Ìṣẹ́, ẹni tó ń fọ ọkọ̀.